Àtàǹpàkò Mùjídàt

Wọ́n ní mo máa ń fura jù. Mi ò sẹ́. Ummulkulthum ni bàbá mi sọ mí, Ìyá Waheed ni gbogbo ọjà Ìtòkú ń pè mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ dáadáa pé bí mo bá ti yí ẹ̀yìn padà, Ìyá Ara-fu-mí ni wọ́n ń pè mí. Kí wọ́n máa pè é lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ejò tèmi, orí ìwé ló wà. Bàbá wa ní ilẹ̀ kan ní Kọ́bapẹ́, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ṣàgámù. Lẹ́yìn tí bàbá kú, ọkùnrin kan nínú ẹbí gbé ìwé wá bá ìyá mi, ó ní ìwé ìkànìyàn ni, kó tẹ̀ka sí i. Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún bu omi tútù fún ọkùnrin náà mu. Ilé epo ló wà lórí ilẹ̀ yẹn báyìí. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wa. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ìtẹ̀ka lórí ìwé, mo gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ìdí tó fi tẹ̀ ẹ́.

Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe bá ọmọ kan jà ní Aké ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí mo lọ forúkọ síìmù sílẹ̀. Ó ní kí n gbé àtàǹpàkò lé gíláàsì kékeré kan. Mo gbé e lé e, ó ní kò gbà. Ọ̀tún kò gbà, òsì kò gbà. Ó ní ìka mi kò hàn. Mo bi í léèrè bóyá òkú ni mí. Ìrònú mi ni pé rìbá ló fẹ́ gbà, mo sì sọ ọ́ jáde kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Waheed ọmọ mi ló padà fi orúkọ ara rẹ̀ ra síìmù náà fún mi. Mi ò ronú kan ọ̀rọ̀ ìka yẹn mọ́.

Mùjídàt ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi Ameenah ni. Ewékorò ni wọ́n ń gbé, ọkọ Ameenah ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ńtì. Nígbà tí ọmọ náà jáde ilé ìwé girama, ó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ kọ́, yunifásítì ni òun sì ti fẹ́ kọ́ ọ. Kò tíì sí ẹni tó dé yunifásítì nínú ilé wa. Waheed tèmi, tẹlifóònù ló ń tún ṣe n'Íbàdàn. Ameenah mú ọmọ náà wá bá mi, ó ní kó máa ràn mí lọ́wọ́ nídìí aró, kó sì máa lọ sí lẹ́sìnnì ní Aké títí á fi ṣe JAMB. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, bó bá ń rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu.

Òfin kan ló wà nídìí aró mi: ìbọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn aláró ayé ìsinsìnyí a máa wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Mọ́níkẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi wà lára wọn, Dókítà Aṣọ ni mo ń pè é. Ìyá mi kọ́ mi pé ọwọ́ ló ń mọ aró. Nígbà tirẹ̀, ewé èlú àti omi eérú ni wọ́n ń lò. Èèyàn á ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò, á fi ìka ra ìka, bó bá ti ń yọ̀, ó ti tó rẹ aṣọ nìyẹn. Omi eérú ti kásẹ̀ nílẹ̀, sóódà inú àpò ni à ń lò báyìí, ṣùgbọ́n mi ò yí òfin padà. Ohun tí mo fi kọ́ Mùjídàt nìyẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ní ọwọ́ tó bá ń bẹ̀rù aró kò lè mọ aró láéláé. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n ju èmi gan-an lọ. Ó kàn máa ra ìka lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ó ku díẹ̀, Màámi," mi ò sì rí ọjọ́ tó ṣì í.

Oṣù kejì ló forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀ nínú aró. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ṣàgámù fi ní kí n bá wọn ṣe àdìrẹ fún gbogbo ọmọ wọn. Èmi àti Mùjídàt wà nídìí aró láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Ó ń gbé ìwé lé orí dúrọ́ọ̀mù omi, ó ń ka ìwé, ó ń rẹ aṣọ. Nígbà tó lọ ṣe ìdánwò ní oṣù kẹrin, ó padà wálé pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó ní orí ń fọ́ òun. Nígbà tí èsì jáde, ọgọ́jọ ó lé mẹ́ta ló gbà nínú irínwó.

Ara fu mí. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá tó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìnnì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé kò sí èyí tó mú ọpọlọ tó o nínú gbogbo àwọn ọmọ òun. Báwo wá ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa gba ọgọ́jọ? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Mo pè é jókòó, mo bi í, kò rí nǹkan kan sọ ju pé bóyá orí òun kò gbé e ni. Ó ní òun á padà sí Ewékorò lọ máa ta búrẹ́dì fún àwọn awakọ̀. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, pé yóò tún un ṣe. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó gbà bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé òkúta.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Nǹkan tí mo sì rí kò dùn mọ́ mi.

Àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́, á lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé, á kọ̀yìn sí mi. Bí mo bá pè é, á kó nǹkan kan bọ abẹ́ híjáàbù. Èkejì, òórùn òrí ń jáde lára ọwọ́ rẹ̀ bíi ti ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ẹ̀kẹta, tó ṣáájú méjèèjì wọ̀nyẹn gan-an, ló bí mi nínú jù. Ní oṣù kejìlá, mo dé láti ibi tí mo ti lọ ra aṣọ, mo bá òun àti Mọ́níkẹ́ níbi ẹ̀rọ omi. Ojú Mùjídàt kún fún omijé. Mọ́níkẹ́ fi láílọ́ọ̀nù dúdú kan lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe rí mi báyìí, wọ́n dákẹ́, Mọ́níkẹ́ sì kí mi kú àbọ̀. Mi ò jẹ́ ẹ dáadáa.

Èmi àti Mọ́níkẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. A kàn ń ta ọjà kan náà lójú kan náà, ìyẹn náà sì tó. Ọmọ tirẹ̀ obìnrin ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún tó ṣáájú. Mo wá ń rò ó pé, kí ló kàn án nínú ẹkún ọmọ mi? Kí ló wà nínú láílọ́ọ̀nù? Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí gbogbo ìgbà tí Mọ́níkẹ́ bu oúnjẹ fún ọmọ náà, pàápàá ọjọ́ tó ku ọ̀la ìdánwò, tó fún un ní mọ́ínmọ́ín. Mọ́ínmọ́ín yẹn kò kúrò lọ́kàn mi fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo tún fura sí Dáramọ́lá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó máa ń gé irun rẹ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan ní oṣù kìn-ín-ní, mo wọ máruwá, ó di Aké, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bá a nílé lẹ́sìnnì, mo bi í lójúkorojú kí ló wà láàárín òun àti ọmọ mi. Ó kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ìyàwó rẹ̀ láti yàrá kejì, ìyẹn jáde tòun ti oyún oṣù mẹ́jọ, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ mi ò jẹ́ kó hàn.

Dáramọ́lá wá kó ìwé ìdánwò kéékèèké tí Mùjídàt ti ṣe jáde. Ó ní kí n wò ó. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo lè rí ohun tí wọ́n bá fi hàn mí. Ó nàka sí ibi kan, ó ní ìdáhùn tó tọ́ ló kọ́kọ́ mú níhìn-ín, ẹ wò ó, ó wá pa á rẹ́, ó mú èyí tí kò tọ́. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, bákan náà ni. Ìwé náà ti fẹ́ lu níbi tó ti fi rọ́bà pa á jù. Ó ní, "Màmá, ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Kò kàn gbà pé òun ló mọ̀ ọ́n ni."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, kò sì tù mí nínú. Lójú tèmi, ẹni tó mọ nǹkan tó tún ń ba nǹkan náà jẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, wọ́n ti ṣe é ni. Bí Mùjídàt ṣe lọ sí lẹ́sìnnì lọ́jọ́ kejì, mo wọ yàrá rẹ̀, mo gbé fóòmù tó ń sùn lé sókè. Mo bá láílọ́ọ̀nù dúdú náà níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú agolo òrí kékeré kan. Abẹ́ rẹ̀ ni ìwé kékeré kan wà, irú èyí tí ọmọléèwé ń lò. Mo ṣí i.

Ìtẹ̀ka ni. Ojú ewé kìn-ín-ní, ìtẹ̀ka. Èkejì, ìtẹ̀ka. Àtàǹpàkò kan náà, lójoojúmọ́, wọ́n kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ tí Mọ́níkẹ́ ti fún un ní láílọ́ọ̀nù títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rántí ìyá mi àti tàdáwà. Mo rántí ilé epo Kọ́bapẹ́. Èèyàn kì í tẹ̀ka lásán. Ta ni ọmọ yìí ń fi ara rẹ̀ fún lójoojúmọ́, kí ni wọ́n sì ń gbà lára rẹ̀ tó fi jẹ́ pé kò gbà pé òun mọ ohun tó mọ̀?

Mi ò dúró wọ bàtà gidi. Sílípáàsì ilé ìwẹ̀ ni mo wọ̀ dé Ìtòkú. Mọ́níkẹ́ jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi okùn di aṣọ àdìrẹ. Mo ju ìwé náà sí i nítan, mo ní kó sọ fún gbogbo ọjà ohun tó ní kí ọmọ mi tẹ̀ka sí. Àwọn obìnrin ti yọjú láti ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo sọ ti mọ́ínmọ́ín. Mo sọ ti ọmọ tirẹ̀ tó wọlé. Mo sọ ohun tí mi ò lè tún fẹnu mi sọ lónìí, nítorí pé Mọ́níkẹ́ ṣì wà láyé, a sì jọ ń kí ara wa. Ọkùnrin kan tó ń ta abẹ́là ní kí n fi sùúrù ṣe é, mo ní kó lọ fi sùúrù ta abẹ́là.

Mọ́níkẹ́ gbé ìwé náà kúrò nítan. Ó ṣí ìwé náà, ó ń wò ó láti ojú ewé dé ojú ewé, ó wá gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìyá Waheed, ẹ wo àtàǹpàkò yín."

Mo rò pé èébú ni. Mo ti ń tún ìró mi ró láti jà ni Mùjídàt sáré dé, báàgì ìwé ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Ẹnìkan ti pè é. Ó dúró sáàárín èmi àti Mọ́níkẹ́. Ọmọ tí kì í gbé ohùn sókè, ó gbé e sókè lọ́jọ́ náà.

"Màámi, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo ń wò ó bóyá ó ti ń padà ni."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ó mú mi lọ́wọ́, ó fà mí wọ inú ṣọ́ọ̀bù tiwa, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rò fún mi ohun tí kò rò fún ìyá rẹ̀ pàápàá. Ní ọjọ́ ìdánwò, wọ́n ní kí olúkúlùkù gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ kí wọ́n tó wọlé. Ti gbogbo èèyàn gbà. Tirẹ̀ kò gbà. Wọ́n ní kó nù ún, ó nù ún. Wọ́n ní kó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ bi í níṣojú gbogbo ènìyàn pé ọmọ ta ló wá bá ṣe ìdánwò, èló ni wọ́n sì fún un. Wọ́n mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá, wọ́n ń wò ó. Ó pẹ́ gan-an kí àgbàlagbà kan tó wá fi fọ́tò wé ojú rẹ̀, tó ní kó wọlé. Nígbà tó jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà, ó ń mú ìdáhùn, ó ń pa á dà. Bó bá mú ìdáhùn kan, ó ní ṣe ni òun ń gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn: ta ni ọ́? Ó ní láti ìgbà náà ni òun kò ti dá ara òun lójú mọ́, nígbà tí ẹ̀rọ pàápàá ti ní òun kọ́ ni Mùjídàt.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ. Ó ní òun mọ̀ pé màá lọ bá wọn jà. Kò purọ́.

Mọ́níkẹ́ ló bá a níbi ẹ̀rọ omi ní oṣù kejìlá, tó ń fi yanrìn ha ìka tó ń sunkún, ó rò pé ìdọ̀tí aró ló bo ilà ìka òun. Mọ́níkẹ́ ní kó yéé ha á. Ó ní báńkì ti lé òun padà bẹ́ẹ̀ rí, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀wọ́. Ó fún un ní méjì, ó ní kó máa fi òrí pa á, kó máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kó lè rí i bó bá ń padà. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ kò lè wọ inú aró tèmi. Àárọ̀ nìkan ló ń rí i fi pa òrí. Bí mo bá sì ti pè é pé kó wá bá mi wo sóódà, á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mo ṣì fẹ́ jiyàn. Mo ní ìyá mi fi ọwọ́ lásán rẹ aró títí ó fi kú. Mùjídàt mú ìwé kẹ́mísírì rẹ̀ jáde nínú báàgì, àmọ́ kò ṣí i. Ó kàn dì í mú.

Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Òróró àti sóódà ni. Yíyọ̀ tí ẹ ní kí n máa wò láàárín ìka yẹn, òróró ara wa ló ń di ọṣẹ. Ìka wa ni a fi ń ṣe ọṣẹ, Màámi."

Mo jókòó. Mo na àtàǹpàkò mi síta lójú ìmọ́lẹ̀. Ó ń dán. Mo ní kó fún mi ní tàdáwà rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé tó ṣófo. Dúdú lásán ló jáde, kò sí ilà kan níbẹ̀. Ìtẹ̀ka tirẹ̀ ti àárọ̀ ọjọ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ilà díẹ̀díẹ̀ ti ń yọ ní etí rẹ̀. Mo rántí ọmọ síìmù ní Aké. Ó sọ fún mi pé ìka mi kò hàn, mo pè é ní olè. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ni mo ti fura sí tán, Dáramọ́lá, Mọ́níkẹ́, mọ́ínmọ́ín. Ọwọ́ ara mi ni mi ò wò. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní parọ́.

Bí mo ṣe fẹ̀sùn kan Mọ́níkẹ́ lójú ọjà, ojú ọjà náà ni mo ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Ó sáré gbé mi dìde, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo wá béèrè báwo ló ṣe ń mọ̀ pé sóódà ti tó, nígbà tí ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ṣíbí kan jáde, ó ní ṣíbí ni òun fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣíbí lásánlàsàn. Mo ra tèmi lọ́jọ́ náà.

Mo ní kí Mùjídàt má fọwọ́ kan aró mọ́ títí ìdánwò á fi kọjá. Nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní oṣù kejì, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló gbà. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò tíì parí. Dáramọ́lá ránṣẹ́ sí mi pé rọ́bà ìpàwérẹ́ ṣì ń jẹ ìwé. Ìka ti padà, ọkàn kò tíì padà. Bó bá sì gbé ọkàn bẹ́ẹ̀ lọ, ọgọ́jọ náà ni yóò tún gbà, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé òun kò ní ṣe é nígbà kẹta.

Mi ò mọ ìwé tí mo lè fi kọ́ ọ. Aró ni mo mọ̀. Mo mú un lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù aró ní àárọ̀ Sátidé kan, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fa aṣọ kan jáde, mo sá a sórí okùn. Ẹ mọ̀ pé aṣọ kì í jáde nínú aró ní dúdú. Bí ewé ló ń rí, àwọ̀ ewé tó ń pọ́n lọ, kò wuyì rárá. Ní oṣù tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ó rò pé òun ti ba aṣọ jẹ́, ó tún rì í padà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú un, aṣọ náà sì bàjẹ́ lóòótọ́. Mo bi í bóyá ó rántí. Ó ní òun rántí.

Mo ní, "Kí ni mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà?"

Ó ní, "Ẹ ní kí n sá a, kí n fi í sílẹ̀."

"Ìdáhùn rẹ náà ńkọ́?"

A jọ dúró, à ń wo aṣọ náà lórí okùn títí afẹ́fẹ́ fi sọ ọ́ di àwọ̀ aró dáadáa, ó tó bí ìgbà téèyàn jẹ ẹ̀kọ kan tán. Nígbà tó ń lọ sí lẹ́sìnnì, ó gbé rọ́bà ìpàwérẹ́ rẹ̀ lé orí tábìlì mi. Mo fi í pamọ́ sínú àpótí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi ni mo mú un lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ọ̀nà Àsẹ̀rò ni. Wọn kò jẹ́ kí àwọn òbí kọjá géètì, ṣùgbọ́n géètì onírin tó lójú ni, mo sì lẹ ojú mọ́ ọn. Mo rí ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni ti èṣí, àmọ́ ojú rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mùjídàt ni ẹni keje. Kí ó tó kàn án, ó wẹ̀yìn wò mí. Mo juwọ́ sí i.

Ó gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà mi orí. Kò gbà. Mo di irin géètì mú. Mo rí i pé ó tún ń bá a sọ̀rọ̀, mo sì rí i tí Mùjídàt ń fèsì, tí kò tẹ orí ba. Ó nu ìka sára híjáàbù, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu gbígbóná sí i, ó tún gbé e lé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin náà wo kọ̀ǹpútà. Ó fi ọwọ́ júwe ilẹ̀kùn fún un. Mùjídàt wọlé, kò wẹ̀yìn wò mí mọ́.

Mo jókòó sórí òkúta níta fún gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà nínú. Mo fura sí iná mànàmáná, mo fura sí òjò, mo fura sí ọmọ kan tó jáde ṣáájú tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, mo bi í kí ló sọ fún ọkùnrin náà. Ó ní ó bi òun bóyá ó dá òun lójú pé òun ni Mùjídàt, òun sì sọ fún un pé, "Ó dá mi lójú, sà. Ẹ jẹ́ kí n tún un tẹ̀." Mo bi í, ìdáhùn mélòó ló yí padà? Ó ní ọ̀kan ṣoṣo. Mo ní kí ló dé tó fi yí ọ̀kan, ó ní Màámi, ẹ jọ̀ọ́.

Igba ó lé méjìdínláàádọ́rin ló gbà. Ameenah pariwo lórí fóònù tí etí mi fi dí. Mùjídàt wà ní yunifásítì báyìí, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, ó sì sọ fún mi pé ìbọ̀wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín gan-an nígbà tó ń sọ ọ́, kò fọwọ́ bo ẹnu.

Ó fi ìwé ìtẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ojú ewé tó ṣófo ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn tí mo bá kírun tán, mo máa ń fi òrí pa àtàǹpàkò mi, màá nù ún, màá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, màá kọ ọjọ́ sí i. Mùjídàt ní ó lè má tètè padà fún ẹni tó ti dàgbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e lọ fún Mọ́níkẹ́ wò. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní òun rí ilà kan ní etí rẹ̀, tín-ínrín bí òwú. Mo fura pé ó kàn ń tù mí nínú ni. Mo gbé ìwé náà jáde sójú oòrùn, mo tún wò ó.